Ẹni Tó Lè Ní Kí Pọ́ǹpù Dúró

Ẹni tó bá dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù Ìjẹ̀ṣà, létí títì márosẹ̀ tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá, kò lè rí òkun. Ọkọ̀ agbépo ló máa rí: èyí tí ikùn rẹ̀ ṣófo ń kọjú sí Màìlì Tú, èyí tó ti rù ń bọ̀ lódìkejì, ó ń rọra wọ́. Ní ọdún 2018, nígbà tí títì náà dí pa, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tò láti ẹnu wọ́ọ̀fù títí wọ́n fi kọjá Ìjẹ̀ṣà àti Sẹ́lẹ̀, tí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ń sùn tí wọ́n ń jí pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò yẹn pé kí ló ń bà á lẹ́rù nípa epo, táńkà ló máa dárúkọ, kò sì jẹ̀bi: lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018 yẹn kan náà, táńkà kan gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ó pa èèyàn mẹ́sàn-án, ó sì jó ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta. Ṣùgbọ́n táńkà kọ́ ni orísun ọ̀rọ̀. Epo inú rẹ̀ ti inú ọkọ̀ òkun bọ́ sínú táǹkì ìtọ́jú ní Àpápá, ní Kìríkìrì tàbí ní Ìbafọ̀n kó tó dé orí títì. Èbúté epo, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń so mọ́lẹ̀ tó sì ń já ẹrù rẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ojú aráàlú kì í dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ẹrù náà ṣe tó. Ọkọ̀ òkun tó gbé bẹntiróò tọ́ọ̀nù 30,000 kì í ṣe ọkọ̀ ńlá lójú àwọn tó ń fi epo ṣòwò káàkiri ayé. Síbẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ tó lítà mílíọ̀nù 40. Táńkà tó wọ́pọ̀ lójú títì wa ń gba lítà 33,000. Ẹ fi ìkejì pín èkíní, ó máa lé ní 1,200 táńkà nínú ọkọ̀ òkun kan ṣoṣo. Bí pọ́ǹpù ọkọ̀ náà bá ń tú lítà mílíọ̀nù kan jáde ní wákàtí kan, epo tó kún táńkà kan ń gba inú rọ́bà tó so ọkọ̀ mọ́ èbúté kọjá láàárín ìṣẹ́jú méjì. Tí rọ́bà yẹn bá já, tí ẹni tó yẹ kó ti fáàfù sì wà níbi tó ti ń jẹun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó máa fi wá bàtà rẹ̀ kó sì sáré débẹ̀ ti da epo táńkà márùn-ún sórí omi.

Kì í ṣe pé wọ́n pète rẹ̀ kí táńkà máa gba àárín ilé wa kọjá báyìí. Láti Atlas Cove, níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, ìjọba ri ọ̀pá epo mọ́lẹ̀ lọ sí Èjìgbò, Mósímì, Ìbàdàn àti Ìlọrin, kí epo lè máa gba abẹ́ ilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Àwọn tó ń bẹ́ ọ̀pá ba ètò náà jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, iná ọ̀pá epo pa èèyàn bí 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìládò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ọdún Kérésì ọdún náà, ti Abúlé Ẹ̀gbá pa ju igba lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn agbébọn MEND ti agbègbè Niger Delta kọlu jẹ́tì Atlas Cove fúnra rẹ̀. Bí ọ̀pá ṣe ń di ohun tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ni dẹ́pò aládàáni ń pọ̀ sí i létí omi, tí jẹ́tì kékeré ń yọ níwájú wọn, tí táńkà sì ń tò lẹ́yìn wọn. Ohun tó so Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó mọ́ òkun nìyẹn.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lórí jẹ́tì gan-an? Awakọ̀ èbúté tó mọ ojú omi ló ń mú ọkọ̀ wọlé, ọkọ̀ afàkọ̀ á rọra tì í mọ́ jẹ́tì, wọn á so ó lókùn níwájú, láàárín àti lẹ́yìn, wọn á sì de rọ́bà ńlá tàbí apá onírin mọ́ ẹnu páìpù rẹ̀. Èyí kò ṣòro láti rí. Ohun tí ojú kò rí ni èéfín epo. Bẹntiróò kì í dúró de oòrùn kó tó yọ èéfín tó lè gbiná. Kódà níbi tí omi ti di yìnyín, ó ń yọ ọ́. Èéfín náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í gòkè bí èéfín igi ìdáná. Ó ń wọ́ nílẹ̀ lórí ọkọ̀ àti lórí jẹ́tì, ó ń wá kòtò tó máa sinmi sí. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ó ń túká. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá dákẹ́, ó ń kóra jọ. Bó ṣe rí nìyẹn ní èbúté Los Angeles ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1976. Ọkọ̀ Sansinena ti já epo rẹ̀ tán, ó ń fa omi sínú táǹkì kó lè dúró déédéé lójú òkun, omi tó ń wọlé sì ń ti èéfín epo jáde sórí ọkọ̀ ní alẹ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́. Èéfín náà pàdé iná, ọkọ̀ náà sì fọ́, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Ẹ rántí pé ọkọ̀ tí wọ́n ti já ẹrù rẹ̀ tán ni, èyí tí ẹni tí kò mọ̀ máa pè ní òfìfo.

Iná pàápàá kò níláti ti ìta wá. Epo tó ń sáré nínú páìpù ń gbo ara mọ́ páìpù, ìfaragbo yẹn sì ń bí iná mànàmáná kékeré, irú èyí tó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ìrọra bẹ̀rẹ̀: títí epo yóò fi bo ẹnu páìpù nínú táǹkì tó ń gbà á, kò gbọdọ̀ yára ju mítà kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òṣìṣẹ́ tó bá ń kánjú lè fojú di èyí. Bí epo ṣe ń jáde, ọkọ̀ ń fúyẹ́, ó ń ga sókè. Òkun tó ń kún tó sì ń fà tún ń gbé e sókè sódò. Okùn tó dẹ̀ ní aago méjìlá òru lè ti le gbandi ní aago mẹ́ta, rọ́bà tó gùn tó ní ìrọ̀lẹ́ lè ti ń fà ya kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn ihò tí omi òjò ń gbà ṣàn kúrò lórí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní dídí kí epo tó bá dà má baà bọ́ sínú ọ̀sà. Nígbà tí òjò bá wá rọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣí wọn kí omi lọ, kó sì tún dí wọn padà lójú ẹsẹ̀. Ní wákàtí wákàtí, ọkọ̀ á sọ iye tó ti tú, dẹ́pò á sọ iye tó ti gbà. Bí ọkọ̀ bá ní òun ti tú lítà mílíọ̀nù mẹ́ta, tí dẹ́pò ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ló dé ọ̀dọ̀ òun, lítà 500,000 wà níbìkan tí kò yẹ kó wà, kò sì sí ohun méjì tó yẹ ní ṣíṣe ju kí pọ́ǹpù dúró lọ.

Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Torrey Canyon gun àpáta lẹ́bàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1967, tó sì da epo rọ̀bì sí etíkun, àwọn ilé-iṣẹ́ epo ńláńlá kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ OCIMF sílẹ̀ ní ọdún 1970. Ìwé ìlànà ààbò tí àwọn èbúté epo káàkiri àgbáyé ń lò, ISGOTT, kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1978. Ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Nínú rẹ̀ ni ìwé àyẹ̀wò wà tí aṣojú ọkọ̀ àti aṣojú èbúté máa ń jọ kà tí wọ́n á sì jọ fọwọ́ sí kí epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ohun rere ni. Àmọ́ ìwé kò tíì pa iná kankan rí. Ẹni tó wà níbẹ̀, tó lajú sílẹ̀, tó mọ ohun tó ń wò, tó sì lè ní kí pọ́ǹpù dúró láìbẹ̀rù pé wọ́n á lé òun níṣẹ́, òun ni ààbò. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ nìyẹn ní Èkó: kí a rí i pé ẹni bẹ́ẹ̀ wà lórí jẹ́tì gbogbo, lójoojúmọ́, àti pé owó oṣù rẹ̀ kò tọwọ́ ẹni tí ìdúró máa ná lówó wá.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí wà ní ilẹ̀ Ireland. Lóru ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1979, ọkọ̀ Betelgeuse, ti ilé-iṣẹ́ Total ti ilẹ̀ Faransé, ń já epo rọ̀bì ní èbúté Gulf Oil tó wà ní erékùṣù Whiddy. Ọkọ̀ náà kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ṣùgbọ́n ara irin rẹ̀ ti ń jẹrà, omi tí wọ́n sì ń fà sínú rẹ̀ bí epo ṣe ń jáde kò pín déédéé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Iná bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ òru. Ìbúgbàù ńlá kò ṣẹlẹ̀ títí di ìgbà tí aago kan ti kọjá díẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín méjèèjì. Àádọ́ta èèyàn kú, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́tì, kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó wà lórí ọkọ̀ àti jẹ́tì lóru yẹn tó yè. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí adájọ́ Declan Costello darí gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1980. Ó di ẹ̀bi ara ọkọ̀ tó jẹrà ru Total. Ṣùgbọ́n ohun tó ba ni lọ́kàn jẹ́ jù nínú àbọ̀ náà ni ti yàrá ìṣàkóso tó wà létíkun, níbi tí ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tí ojú rẹ̀ á máa wo jẹ́tì: ìgbìmọ̀ náà ní ẹni náà kò sí níjòókòó rẹ̀ nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀, pé ìdágìrì tó yẹ kó ké pẹ́, pé bó bá ti tètè ké e, wọn ì bá ti rí àwọn èèyàn náà gbà là. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté náà lọ tún ìwé àkọsílẹ̀ òru yẹn kọ láti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìwé wà ní Whiddy. Àkọsílẹ̀ wà, wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe kó lè bá ohun tí wọ́n fẹ́ kí aráyé gbọ́ mu. Ojú ni kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà tó ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí kò sọ pé ìwé ló fi ń ṣọ́ ọ.

Nílé wa níbí, a ti rí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróò tí wọ́n ti fi mẹ́tánọ́ọ̀lù lú wọ Nàìjíríà láti èbúté Antwerp ní Bẹ́líjíọ̀mù, ó ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jẹ́, ó sì sọ ìlú di ibi ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ilé epo. Nígbà tí ọ̀gá àgbà NNPC nígbà náà, Mele Kyari, ń ṣàlàyé, ó ní wọ́n yẹ epo náà wò ní ibi tí wọ́n ti rù ú, wọ́n tún yẹ ẹ́ wò nígbà tó dé, ó sì yege níbi méjèèjì, torí pé àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe kò béèrè mẹ́tánọ́ọ̀lù. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ, ohun tó sì bani lẹ́rù nínú rẹ̀ nìyẹn. Àyẹ̀wò rí gbogbo ohun tó wá. Ohun tí a kò kọ sínú ìwé kọjá níwájú ìwé bí àlejò tí a kò mọ̀. Ẹni tó ti gbọ́ òórùn bẹntiróò fún ogún ọdún lè ní, “Ẹ dúró ná, eléyìí kò ṣe mí bí ti àná.” Ìwé kò lè sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2022 yẹn kan náà, ọkọ̀ Trinity Spirit bú gbàù ní èbúté Ukpokiti lójú òkun ìpínlẹ̀ Delta. Ọkọ̀ náà kì í rìn mọ́. Táǹkì àti èbúté epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe, ó sì lè gba àgbá mílíọ̀nù méjì. Ọdún 1976 ni wọ́n kàn án, ilé-iṣẹ́ tó ń lò ó sì ti jìn sí kòtò gbèsè. Èèyàn mẹ́wàá wà lórí rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n rí láàyè. Kò sí ohun tó pamọ́ nípa ọjọ́ orí ọkọ̀ náà tàbí gbèsè ilé-iṣẹ́ náà, ìwé ìròyìn ti kọ ọ́. Ohun tó ṣàìsí ni ẹni tó máa dúró sórí ọkọ̀ náà kó sì ní: ó tó gẹ́ẹ́, kò sí ẹni tó tún máa sùn sórí irin yìí.

Ti Èkó tún ní ìṣòro tirẹ̀. Omi ẹnu jẹ́tì Kìríkìrì àti Ìbafọ̀n kò jìn tó fún àwọn ọkọ̀ ńlá. Nítorí náà, ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sójú òkun, ọkọ̀ kékeré á lọ bá a, á gba díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀, á sì gbé e wọlé. Epo kan náà á ti kọjá nínú rọ́bà lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó dé dẹ́pò. Nínú àwọn ọkọ̀ ńlá, òfin ní kí wọ́n máa fẹ́ gáàsì tí kò jẹ́ kí iná gbà sínú táǹkì, kí ọ́síjìn inú rẹ̀ má ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ mọ́kànlélógún. Láti ọdún 2016, òfin yìí ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tuntun tó lè gbé tọ́ọ̀nù 8,000 sókè. Ọkọ̀ tó bá kéré sí i kò sí lábẹ́ rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé irú ọkọ̀ tí omi Kìríkìrì lè gbà, tó ń so mọ́ àárín táǹkì àti ilé, lè jẹ́ irú èyí tí òfin àgbáyé fi sílẹ̀ láìní ààbò náà. Ibi tí irin kò ti dáàbò boni, èèyàn nìkan ló kù.

Ẹnì kan á ní, ṣé kò sí àjọ ni? Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. NPA ń ṣàkóso èbúté, NIMASA ń mójú tó ọkọ̀ òkun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, NMDPRA tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀ ń fún dẹ́pò àti jẹ́tì níwèé àṣẹ, NOSDRA ń bójú tó epo tó bá dà, àwọn ọmọ ogun ojú omi náà ní tiwọn. Òkodoro tí èmi rí nínú ètò yìí ni pé kálukú ní ìwé tirẹ̀ tó máa fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó dúró sórí jẹ́tì láti ìgbà tí wọ́n so rọ́bà títí wọ́n fi tú u. Ní Kalifọ́níà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1990, ọkọ̀ American Trader gun ìdákọ̀ró ara rẹ̀ bó ṣe fẹ́ so mọ́ èbúté epo ní Huntington Beach, epo rọ̀bì tó ju lítà mílíọ̀nù kan lọ dà sí etíkun. Kí ọdún náà tó parí, ìpínlẹ̀ náà ti ṣòfin. Láti ìgbà yẹn, àwọn alámòójútó tí ìjọba ń san owó oṣù fún máa ń wọ jẹ́tì, wọ́n ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń já epo, wọ́n ń yẹ okùn, rọ́bà àti òṣìṣẹ́ wò, wọ́n sì lè dá iṣẹ́ dúró. Owó kékeré tí wọ́n ń gbà lórí àgbá epo kọ̀ọ̀kan tó bá gba èbúté kọjá ni wọ́n fi ń gbé ètò náà ró. Owó náà ti inú epo fúnra rẹ̀ jáde, ìjọba ló sì ń fi san owó oṣù àwọn alámòójútó náà, kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀ tàbí ẹni tó ni dẹ́pò.

Ohun tí ará Èkó máa kọ́kọ́ fi dá èyí lóhùn ni pé alámòójútó tuntun á kàn jẹ́ ọwọ́ tuntun tó ń gba rìbá ni. Mi ò ní fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ yìí, torí ìrírí ló bí i. Àwọn àjọ tó ń wọ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti dá wàhálà sílẹ̀ ní èbúté wa débi pé, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ìlànà iṣẹ́ èbúté jáde, tó ní kí àwọn àjọ jọ máa wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí rìbá ti ń rí àyè wọlé: ibi tí ọwọ́ mẹ́wàá bá wà tí orúkọ kan kò sí. Bí àjọ mẹ́fà bá fọwọ́ sí ìwé kan tí ọkọ̀ sì gbiná, ta ni a máa bi? Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe àjọ keje. Ẹnì kan ni, láti inú àjọ tó ti wà, tí orúkọ rẹ̀ máa hàn lórí ìwé ọkọ̀ náà níta gbangba, tí wọ́n máa ń pààrọ̀ láti jẹ́tì kan sí òmíràn kó má baà di ọ̀rẹ́ dẹ́pò kankan, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì máa wà níbi tí oníròyìn àti kánsù lè kà á. Rìbá kì í fẹ́ kí a dárúkọ òun.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà. Wọ́n á ní gbogbo wákàtí tí ọkọ̀ bá fi dúró, owó ìdúró ń gorí ara wọn, orí bẹntiróò ni wọ́n á sì gbé e lé. Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò. Ká ní ìdúró ọjọ́ kan ń ná ọkọ̀ wa yẹn ní dọ́là 30,000, ká sì ka dọ́là kan sí náírà 1,500. Náírà mílíọ̀nù 45 nìyẹn. Ẹ pín in sórí lítà mílíọ̀nù 40, ó jẹ́ náírà kan àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lórí lítà kan, fún odindi ọjọ́ kan. Bí alámòójútó bá ní kí wọ́n dúró fún wákàtí mẹ́rin kí wọ́n lè pààrọ̀ rọ́bà tó ti gbó, kò tó ogún kọ́bọ̀ lórí lítà. Ìyá tó ń ra bẹntiróò ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá dẹ́pò ló máa mọ̀ ọ́n lára, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo mílíọ̀nù náà máa kọ́kọ́ wọ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ òun ni yóò pinnu bóyá kí ọkọ̀ dúró.

Àwọn kan gbà pé ilé ìfọpo Dangote ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni bẹntiróò ti ń jáde níbẹ̀, àti pé ilé ìfọpo tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá 650,000 lójúmọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ ojú òkun ni epo rọ̀bì ń gbà wọlé sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ojú òkun náà ni wọ́n ń gbà kó lára ohun tí wọ́n fọ̀ jáde. Rọ́bà ń bẹ, okùn ń bẹ, ọkọ̀ ń bẹ. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ ló yí padà, iṣẹ́ náà kò yí padà.

Àtakò tó kù ni pé iná Kìríkìrì kò lè jó dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, pé táńkà ló ń pa wá. Lóòótọ́, ọ̀nà jìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Kọnákírì, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Guinea. Lóru ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2023, dẹ́pò epo ńlá tó wà ní Kaloum, nítòsí èbúté, bú gbàù. Èèyàn mẹ́rìnlélógún kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fara pa. Kì í ṣe ọkọ̀ òkun ló fa èyí tí mo ń sọ, ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí a wò: ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ jókòó sílé, ilé epo kò ta epo, torí pé ojú kan ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti ń mu. Àpápá, Kìríkìrì àti Ìbafọ̀n ni ojú tí apá tó pọ̀ ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ti ń mu. Ní ti táńkà, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kan: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025, NMDPRA ti ní kí táńkà tó ń gbé ju lítà 60,000 lọ má rù mọ́. Bí a bá lè fi òfin dá ọkọ̀ tó gbé ju lítà 60,000 lọ dúró lórí títì, kí ló dé tí èyí tó gbé mílíọ̀nù 40 kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Kò pọn dandan kí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó di onímọ̀ ọkọ̀ òkun kí wọ́n tó béèrè. Kánsù wọn lè kọ lẹ́tà sí NMDPRA àti NPA, ẹgbẹ́ àwọn onílé lè fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì ní kí àwọn àjọ náà dá wọn lóhùn ní kíkọ. Ẹ̀rí tó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá àmójútó wà ní jẹ́tì kan ni ìgbà tí wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní Èkó, mànàmáná ń kọ, rọ́bà ń gbó, okùn ń já, ó ń rẹ òṣìṣẹ́. Jẹ́tì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá fi hàn pé láti ọdún dé ọdún kò sí ẹni tó ní “ẹ dúró” rí, ó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wò ó ni. Nítorí náà, kí lẹ́tà náà kúrú. Kó béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí jẹ́tì lóru àná, nọ́ḿbà tí a lè fi pè é ní aago kan òru, àti ọjọ́ tó ní kí pọ́ǹpù dúró gbẹ̀yìn.